Etí Nìkan Kò Tó

N kò ní fi epo bọ iyọ̀. Etí lásán ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń tún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá. Kò dára, ó sì yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọ ọkọ̀ ní Liverpool, Àpápá, a ń lọ sí Tarkwa Bay. Ọjọ́ tó ṣáájú ni mẹkáníìkì kan tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Ó yí síkúrù síwá sẹ́yìn, ó dẹ etí sílẹ̀, ó ní, "Ó ti dùn báyìí." Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń gbà wọ èbúté, awakọ̀ fẹ́ sáré. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ọmọ iléèwé mẹ́ta wà pẹ̀lú wa. Ẹyọ kan ló wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ mìíràn ló wá fà wá. Ìyá kan ní àwọn tó ni omi ló ń bínú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ rí, mi orí: "Síkúrù ni."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú ọ̀pọ̀ Johnson àti Evinrude àtijọ́, ọwọ́ kan ló ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí awakọ̀ bá ti yí i, ó ń yí àwo tó wà lábẹ́ fuláíwíìlì kí iná púlọ̀ọ̀gì lè tètè tàn. Lẹ́sẹ̀ kan náà, etí àwo yẹn ń ti ọ̀pá tó ń ṣí kábúrétọ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ rìn ni. Bí kábúrétọ̀ bá ṣí kí iná tó tètè tàn tó, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́, ó sì lè kú. Bí iná bá yá jù, epo á bú gbàmù nígbà tí písítìnnì ṣì ń gòkè bọ̀, ó sì lè lu písítìnnì náà jó.

Ṣé etí lè mọ èyí? Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, púlọ̀ọ̀gì ń tan iná ju ìgbà 80 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan! Iná táímìn ló lè rí i. A ó so ó mọ́ wáyà púlọ̀ọ̀gì. Bí púlọ̀ọ̀gì bá ṣe ń tàn ni òun náà ń ṣẹ́jú, nọ́ńbà ara fuláíwíìlì á sì dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pá la ó kọ́kọ́ tò: kí àmì rẹ̀ pàdé níbi tí kábúrétọ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, kí ó sì ṣí tán nígbà tí ọwọ́ bá dé òpin. Lẹ́yìn náà la ó wo táímìn, ẹ́ńjìnnì á wà nínú omi, a ó sì fi nọ́ńbà inú ìwé ẹ́ńjìnnì náà gan-an ṣe òdiwọ̀n.

Ẹnìkan á ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀gá mi ti fi etí ṣe é." Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá. Etí rẹ̀ lè sọ fún un pé àìsàn wà. Kò lè sọ ìwọ̀n oògùn. Aránṣọ tó mọṣẹ́ jù lọ ní Boundary ṣì ń fi téèpù wọn ènìyàn kó tó gé aṣọ.

Òmíràn á ní Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn! A ń kọ́ ìwọ̀n igun ní kíláàsì, a ń fi yege ìdánwò, a sì ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí a jókòó ti ọ̀gá, kí a kọ nọ́ńbà náà ní Yorùbá, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe pe ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ní olódo. Ẹ̀mí yín wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń pe àdúgbò wa. Kí ajé tó lè gúnlẹ̀, ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gúnlẹ̀.