Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Tí A Pa Tì: Ó Sàn Kí A Gé E Kúrú Ju Kí Ó Gbó Nínú Àpótí Lọ

Iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí dà bí gbèsè: bí ó ti ń pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wúwo tó lọ́kàn ẹni tí ó jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ tí ó ṣán oko ńlá tí kò lè gbin gbogbo rẹ̀ mọ èyí. Obìnrin tí ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í torí pé agbára òun kò ká gbogbo ilẹ̀ náà kí ó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ padà di igbó. A máa gbin ìwọ̀n tí ó lè ro, a sì máa kórè nínú rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn aránṣọ kọ́ irú ọgbọ́n yìí, pàápàá jù lọ àwọn tí ń rán ìbora alábùlẹ̀, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní kúìtì.

Ìpele mẹ́ta ni ìbora yìí ní. Ojú rẹ̀ ni a fi àgékù aṣọ oríṣiríṣi rán pọ̀, ní ẹyọ ẹyọ onígun mẹ́rin; àárín rẹ̀ ni òwú tí a tẹ́ kí ó lè móoru; ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni odindi aṣọ kan. Nígbà tí a bá ti tò wọ́n léra, a ó fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já láti etí dé etí, kí òwú àárín má baà ṣùjọ sí ojú kan, a ó sì fi ìṣẹ́tí yí i ká. Èyí tí ó tó bo ibùsùn ẹni méjì lè tó ẹsẹ̀ bàtà 7 ní ìbú àti 8 ní gígùn, àgékù aṣọ tí ó wà nínú rẹ̀ sì lè ju ọgọ́rùn-ún lọ. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀pọ̀ ni a ń pa tì ní agbede méjì. Òmíràn, a ti gé aṣọ rẹ̀ ṣùgbọ́n a kò tí ì rán an. Òmíràn, a ti rán ẹyọ mẹ́jọ nínú ọgbọ̀n. Òmíràn ẹ̀wẹ̀, ojú rẹ̀ ti pé, òwú àti ìsàlẹ̀ ni ó kù. Ọmọ tuntun dé, tàbí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tàbí irú aṣọ tí a fi bẹ̀rẹ̀ tán lọ́jà. Gbogbo iṣẹ́ náà sì wọ inú àpótí lọ.

Inú àpótí kò sàn fún aṣọ. Ojú ibi tí a ti ṣẹ́ ẹ po ni ó máa ń kọ́kọ́ gbó. Ọ̀rinrin a máa ta á lábàwọ́n. Eku, aáyán àti ikán kì í sì bèèrè bóyá olóhun yóò padà wá parí iṣẹ́ rẹ̀. Owó tí a fi ra aṣọ ń ṣòfò níbẹ̀, àti àkókò tí a fi rán an, àti ìmọ́lẹ̀ ojú tí a lò lórí rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé ìtìjú àpótí yẹn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn tún mú abẹ́rẹ́ mọ́. Nítorí náà, ohun tí ó tọ́ ni pé kí a mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde, kí a gé e kúrú, kí a sì sọ ọ́ di ohun kékeré tí yóò parí, tí yóò sì wúlò: àpò ìrọ̀rí, aṣọ tí a fi ń gbé ìkòkò gbígbóná, ìtẹ́lẹ̀ tábìlì, àpò ìkówèé ọmọdé, tàbí ìtẹ́lẹ̀ tí ọmọ yóò máa ṣeré lórí rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwà ọ̀lẹ ni èyí. Wọn yóò rántí òwe inú Ìhìnrere nípa ọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ tí kò lè parí rẹ̀, tí àwọn tí ń kọjá lọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òtítọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi bá ọkùnrin náà wí ni pé kò jókòó ṣírò ohun tí iṣẹ́ náà yóò ná an. Ẹni tí ó gé iṣẹ́ rẹ̀ kúrú ti jókòó ṣírò, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó ṣe é. Bí ọkùnrin ilé ìṣọ́ bá sì ti fi òkúta rẹ̀ kọ́ yàrá kan ṣoṣo tí ó ṣeé gbé, ta ni yóò tún fi í rẹ́rìn-ín? Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí kò lè gbé eèrà, tí ó ń kùsà sí erin, títẹ́ ni yóò tẹ́. Kò sí ẹ̀tẹ́ nínú kí ènìyàn fi erin sílẹ̀, kí ó gbé ohun tí agbára rẹ̀ ká.

Ẹ wo àwọn obìnrin Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà, níbi tí odò Alabama ti rọ̀gbà yí ilẹ̀ náà ká. Ọmọ àwọn tí a fi ṣe ẹrú nínú oko òwú ni wọ́n, àgbẹ̀ sì ni wọ́n. Aṣọ oko tí ó ti gbó ni wọ́n fi ń rán ìbora fún ọmọ wọn nígbà òtútù. Ní 1942, lẹ́yìn tí ọkọ Missouri Pettway kú, ó kó àwọn aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jọ, ó sì fi wọ́n rán ìbora, kí ó lè máa fi rántí rẹ̀, kí ó sì máa fi í bora. Ní 1966, àwọn obìnrin agbègbè náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Freedom Quilting Bee, kí wọ́n lè máa ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní 1972, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ kọ́dúróì rán àpò ìrọ̀rí fún ilé ìtajà Sears. Àgékù kọ́dúróì tí ó sì ṣẹ́kù, wọn kò dà á nù, ilé ni wọ́n kó o lọ láti fi rán ìbora tiwọn. Ní 2002, a ṣe àfihàn àwọn ìbora Gee's Bend ní ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Houston àti ní New York. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán 10 nínú wọn sára sítáǹpù.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí, aṣọ kò fi dandan dúró sí ìlò àkọ́kọ́ tí a rà á fún. Ṣòkòtò oko di ìbora. Àgékù ìrọ̀rí di ìbora. Bí èyí bá tọ́, èéṣe tí ohun tí ó yẹ kí ó di ìbora kò fi lè di ìrọ̀rí?

Síbẹ̀, ọgbọ́n ni a fi ń gé e. Kí a kọ́kọ́ fọ aṣọ náà, kí a sì sá a, láti mọ̀ bí àwọ̀ rẹ̀ yóò bá ṣí. Kí a nà án síwájú ìmọ́lẹ̀, kí a yọ ibi tí ó ti rẹ̀ kúrò. Kí a tó fi àlùmọ́gàjí kàn án, kí a rán ojú abẹ́rẹ́ kan ní ẹ̀bá ibi tí a ó gé, nítorí bí a bá gé ojú ìrán kọjá láìdè é, yóò máa tú. Ẹyọ kan tí ó tó íǹṣì 16 ní ìbú àti gígùn tó fún ojú ìrọ̀rí kan. Èyí tí ó tó íǹṣì 8 tó fún aṣọ ìgbékòkò. Òwú gidi ni kí a fi sí àárín aṣọ ìgbékòkò, ní ìlọ́po méjì ó kéré tán, nítorí òwú àtọwọ́dá a máa yọ́ bí ìkòkò bá gbóná jù, a sì lè jóni lọ́wọ́. Kí a sì máa fọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè, nítorí aṣọ ìdáná tí ó dọ̀tí a máa gbé àrùn kiri.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìyá ọmọ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Àwọn oníṣègùn àwọn ọmọdé ti là á yé ni pé kò yẹ kí a fi ìbora nínípọn tàbí ìrọ̀rí sí ibi tí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan ń sùn, nítorí ó lè bò ó nímú, kí ó má lè mí mọ́. Bí a bá fi àgékù ìbora ṣe ohun kan fún ọmọ ọwọ́, kí ó jẹ́ ìtẹ́lẹ̀ tí yóò máa ṣeré lórí rẹ̀ nígbà tí ó bá lajú, tí ẹnì kan sì ń ṣọ́ ọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni a ń gé. Èyí tí ó ku ìṣẹ́tí nìkan, kí a parí rẹ̀. Èyí tí òkú fi sílẹ̀, kí a fara balẹ̀ wò ó ná. Harriet Powers, tí a bí ní oko ẹrú ní Georgia ní 1837, fi abẹ́rẹ́ sọ ìtàn inú Bíbélì ní ojú àwòrán 11 lórí ìbora kan, ó sì gbé e lọ sí ibi àfihàn ní ìlú Athens ní 1886. Kò fẹ́ tà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìṣẹ́ dé, ó tà á ní dọ́là 5 péré. Lónìí, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní Washington ni ó wà. Ẹni tí ó bá gé irú èyí fi àlùmọ́gàjí pa ìtàn rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá kú tí ó fi ojú ìbora lásán sílẹ̀, tí ọmọ mẹ́rin sì ń wo ara wọn lójú nítorí rẹ̀, kí wọ́n jọ sọ ọ́, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì pín in sí ìrọ̀rí mẹ́rin. Ó sàn kí olúkúlùkù máa gbé orí lé iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ lálaalẹ́ ju kí gbogbo wọn ní àpótí kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìkórè, ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí, nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ díẹ̀ tí oòrùn sì wà láti fi sá aṣọ. Kí ẹni tí ó ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣí i kí ọdún tó yí, kí ó mú ẹyọ kan ṣoṣo jáde, kí ó sì parí rẹ̀ kí ó tó mú òmíràn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.