Ẹ Má Tíì Sin Jíà: Mélòó Ni Géèjì Kà?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ti jáde, inú ń bí wa. Bí mọ́tò ọlọ́tò bá ń ké tí kò fẹ́ẹ́ rìn, mẹkáníìkì á tẹ iná lẹ́ẹ̀mejì, á mi orí: "Ọ̀gá, jíà ti kú. Ẹ lọ ra tòkunbọ̀." Wọ́n ti dájọ́ ikú, ẹlẹ́rìí kan ò tíì sọ̀rọ̀.

Ẹlẹ́rìí náà ni pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì jíà. Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì ló ń fún kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Bí pírẹ́ṣọ̀ bá lọ sílẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀. Ó lè jẹ́ pé pọ́ǹpù ti jẹ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ ọ́ìlì tó dín, asẹ́ tó dí tàbí fáàfù tó há. Ta ni wọ́n ń sin nítorí asẹ́?

A lè wọ̀n ọ́n nílé. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ọ́ìlì wò. Ẹ wá géèjì tó ń ka 300 psi, tí rọ́bà rẹ̀ gùn. Ìwé ọkọ̀ ló máa sọ ibi tí ihò ìdánwò wà lára jíà àti iye tó yẹ kí géèjì kà. Ẹ so ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú tó sì tutù; kí rọ́bà jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ tó ṣíná, ẹ jẹ́ kó gbóná, kẹ́ ẹ wá ka géèjì ní P, R, N àti D.

Àwọn kan á ní ọkùnrin ni àwọn, wọ́n á wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ìyẹn kì í ṣe ìgboyà, ìwà òmùgọ̀ ni. Ẹ fi ẹsẹ̀ irin gbé e, ẹ fi igi dí táyà. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, torí èéfín ń pààyàn nínú gáréèjì. Kẹ́nì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má ṣe dúró níwájú, lẹ́yìn tàbí lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ má sì tẹ iná. Iṣẹ́ onímọ̀ nìyẹn.

Ẹ ó ní kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá? Ó kàn wá gan-an. Ẹni tí kò lè fi èdè rẹ̀ béèrè ohun tó bàjẹ́ ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. A ò bá mẹkáníìkì jà. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í sá fún géèjì. Kẹ́ ẹ tó sanwó jíà, ẹ ṣáà bi í: mélòó ló kà?