Eré Ló Tà fún Wa, Kò Ta Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹni tó ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ, tó sanwó, tó jẹ ẹ́ tán, tó nu ẹnu nù, ṣé ó tún láṣẹ láti wọ yàrá ẹlẹ́kọ lọ, kó lọ wo ẹni tó sùn tì í? Bí a bá rí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lọ́jà Ìkọ̀lé, ṣebí igbe olè la ó ké lé e lórí? Ṣùgbọ́n ohun tí a kò jẹ́ gbà kí wọ́n ṣe sí ẹlẹ́kọ, òun gan-an là ń ṣe sí àwọn obìnrin tó ń ṣe tíátà. A wo fíìmù wọn, a rẹ́rìn-ín, a sunkún. Lẹ́yìn èyí, a wá ní dandan ni ká mọ ẹni tó fẹ́ wọn, ẹni tó kọ̀ wọ́n, ẹni tó ni oyún inú wọn, ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe, àti ibi tí wọn ó sin wọ́n sí bí ọlọ́jọ́ bá dé.

Ní agbègbè tiwa yìí, orúkọ kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu jù lọ. Orúkọ náà ni Mojí Ọláìyá. Ọmọ wa ni. Baba rẹ̀ ni Victor Abímbọ́lá Ọláìyá, àgbà onífèrè, ọ̀gá nídìí orin háílàìfù. Calabar ni wọ́n ti bí baba náà, lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 1930, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé níbí. Ẹ má ṣì í mú fún Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá ọmọ Iléṣà o. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì 1975 ni wọ́n bí Mojí. Òótọ́ ni pé orúkọ baba rẹ̀ tó gbé èèyàn dé ibi kan, àmọ́ orúkọ baba kì í báni sunkún níwájú kámẹ́rà. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó ṣeré nínú "Super Story" ti Wálé Adénúgà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó wà nínú "Sade Blade" ní 2005, ó wà nínú "Ǹkan Adùn" ní 2008, ó wà nínú "Ọmọ Ìyá Mẹ́ta Lèyí" ní 2009. Ó ń ṣe é ní Yorùbá, ó ń ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 2016, òun fúnra rẹ̀ gbé fíìmù tirẹ̀ jáde. Ẹni tó bá mọ wàhálà tó wà nínú kí obìnrin fi owó ara rẹ̀ gbé fíìmù jáde nílẹ̀ yìí yóò mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró sí ìdíkọ̀ Ọyẹ́, kí ẹ bi èrò ọkọ̀ mẹ́wàá pé èwo nínú eré Mojí ló dùn mọ́ wọn jù. Wọn á họrí. Ẹ wá bi wọ́n nípa ìgbéyàwó rẹ̀ àti ẹ̀sìn rẹ̀. Háà! Ọkọ̀ á kún, ó á gbéra, ọ̀rọ̀ ò ní tíì tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa bàjẹ́ dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2007, ó ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tó yá, òun àti ọkọ pínyà. Ẹ̀ẹ́n, kí ló tún kù? Tọkọtaya mélòó ló ti pínyà láti Ìkọ̀lé títí dé Ìdó, láàrin àwọn tíṣà, àwọn oníṣòwò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tó ń jókòó níwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá? Ta ló gbé ọ̀rọ̀ tiwọn sínú ìwé ìròyìn?

Ní 2014, ó kúrò nínú ẹ̀sìn kristẹni, ó di mùsùlùmí. Àwọn kan ní ọkùnrin ló ń tẹ̀ lé, àwọn kan ní owó ni. Ta ló wọ inú ọkàn rẹ̀ wò nínú wọn? Ilẹ̀ Yorùbá nìyí, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tí àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìyá àgbà ṣì ń bọ orí rẹ̀ nínú yàrá, tí gbogbo wọn sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì nínú abọ́ kan náà. Bí ọkùnrin pàtàkì bá yí ẹ̀sìn padà, a ó ní Ọlọ́run ló pè é. Bí òṣèrébìnrin bá ṣe é, a ó ní ọkùnrin ló pè é. Kí ló dé?

Ní 2017, ó bímọ ní Kánádà. Ọmọ náà kò ju bí oṣù méjì lọ nígbà tí Mojí kú lọ́hùn-ún, lọ́jọ́ 17 oṣù Karùn-ún. Ẹni ọdún 42 ni. Ìròyìn tó jáde ni pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì. Ó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀, ó fi baba ẹni ọdún 86 sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Èkìtì, a mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òkú ọ̀fọ̀. Bí ọmọ bá kú tí baba rẹ̀ wà láyé, ohùn jẹ́jẹ́ là ń fi sọ ọ́. A kì í lùlù, a kì í ṣẹ̀fẹ̀, a kì í bi baba ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n kí omijé tó gbẹ lójú ará ilé Ọláìyá, ariwo ti gba ìgboro. Ṣé Kánádà ni wọn ó sin ín sí ni, àbí ilé? Ṣé ìlànà mùsùlùmí ni, àbí ti kristẹni? Ta ni baba ọmọ? Owó tí wọ́n ń kó jọ dà? Àwọn tí kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ló ń béèrè ìṣirò owó. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n sì sin ín sí Èkó. Ní oṣù Kejì 2020, baba náà tẹ̀ lé e. Àlàáfíà tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n ní láyé, kí Ọlọ́run fún wọn lọ́run.

Ẹ má wí fún mi pé bí ayé ṣe ń ṣe sí gbogbo olókìkí nìyẹn. Irọ́ ni! Lọ́jọ́ 20 oṣù Kejì 1978, Fẹlá Aníkúlápó Kútì fẹ́ obìnrin 27 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Èkó. Àwọn kan bínú, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló fi ṣe ẹ̀rín, wọ́n kan sáárá sí i, wọ́n ní akọni ni. Títí dòní, àwọn tó ń sọ ọ́ ń fi yangàn ni. Mojí fẹ́ ọkọ kan, wọ́n pínyà, ó di oníwàkiwà. Ọkùnrin fẹ́ 27, ó di akọni. Kí ẹni tó mọ ìṣirò bá mi ṣe èyí jàre.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà. Nígbà tí Hubert Ògúńdé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944, tó sì fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láìpẹ́ sí i kó lè fi tíátà jẹun, obìnrin ló wọ́n ọn jù. Kò sí baba tó fẹ́ kí ọmọbìnrin òun bọ́ sórí ìtàgé, torí pé lójú àwọn èèyàn, alárìnjó àti alágbe kò yàtọ̀, obìnrin tó bá sì dara pọ̀ mọ́ wọn, aṣẹ́wó ni. Ògúńdé wá ta ọgbọ́n. Ó polówó pé òun ń wá obìnrin tí yóò ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Ìgbà tí wọ́n dé ni wọ́n mọ̀ pé ìtàgé ló ń dúró dè wọ́n. Nígbà tó yá, ó ń fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó, kí ọkùnrin mìíràn má baà fà wọ́n kúrò nídìí iṣẹ́. Àwọn èèyàn yìn ín pé ó mọ ilé tò. Èmi náà kò bú u, torí ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni tíátà Yorùbá fi dúró. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: kí obìnrin tó lè ṣeré kí ẹnu má baà kàn án, ó ní láti jẹ́ aya ọ̀gá. Ìgbà tí obìnrin wá ń dá dúró, tó ń gba iṣẹ́ tó wù ú, tó ń gbé fíìmù tirẹ̀ jáde, ẹ̀gàn àtijọ́ náà ló tún jí dìde. Ojú tí wọ́n fi wo ọmọbìnrin ìgbà náà ni wọ́n fi wo Mojí.

Èmi kò sọ pé ká má bá òṣèré jà. Bí ìjà bá wà, ká bá iṣẹ́ rẹ̀ jà! Ní 1964, Ògúńdé ṣe "Yorùbá Ronú", ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ lágbègbè wọn. Àfi nígbà tí ìjọba ológun dé ní 1966, tí Fájuyì ọmọ Adó-Èkìtì di gómìnà, ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ohun tí ìjọba ṣe kò dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú eré ni wọ́n bínú sí. Wọ́n gbọ́ ohun tó sọ, ó dùn wọ́n. Ẹ sọ fún mi, ìgbà wo la jà nítorí ohun tí Mojí sọ nínú eré kan?

Mo mọ ohun tí àwọn kan ó wí. Wọ́n á ní, "Ṣebí àwọn òṣèré fúnra wọn ló ń gbé àwòrán ìgbéyàwó àti ìkómọ wọn síta? Ẹni tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, kó má bínú bí ewúrẹ́ bá wọlé." Ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn. Ẹni tó fi àwòrán ìkómọ hàn mí, ìkómọ ló pè mí wá bá a yọ̀ sí. Kò ní kí n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Bí òṣèré bá lu jìbìtì, bó bá ṣe ọmọdé níṣekúṣe, bó bá na ẹni ẹlẹ́ni, ìyẹn di ọ̀rọ̀ ìlú àti ti ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó tó tú, ẹ̀sìn tó yí padà, oyún tó ní, ta ni wọ́n pa lára nínú wa?

Àwọn mìíràn á tún ní, àwa Èkìtì, ilẹ̀ iyì ni wá, a ò gbọdọ̀ fàyè gba ìranù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé iyì ni kí àgbàlagbà jókòó ti òkú ọmọ ọlọ́mọ, kó máa ka ọkọ tó fẹ́? Iyì mọ ìgbà tí ẹnu ń pa dé.

Èyí tó tiẹ̀ ń dùn mí jù nìyí: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo kò sanwó ẹ̀kọ rárá. Fíìmù ayédèrú ni wọ́n ń rà lójú pópó, tàbí kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ sórí fóònù. Kọ́bọ̀ kò kan òṣèré. Bí àìsàn bá wá dé, tí wọ́n bá ń gbé igbá owó kiri fún un, àwọn kan náà yìí ni yóò béèrè pé owó rẹ̀ dà. Owó rẹ̀ wà lápò yín!

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa sọnù. Obìnrin kan bímọ, kò pé oṣù mélòó kan, ó kú. Ìṣirò àjọ ìlera àgbáyé ni pé ní 2020, nǹkan bí 82,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé lọ. Ewu kì í sì í tán lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn lè mú abiyamọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti bímọ. Bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, bí kò bá lè mí dáadáa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo tàbí ìṣọ́ òru nìkan. Ilé ìwòsàn ni ó yẹ kó wà. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó níbí. Bí ariwo tí a pa lórí ẹni tó ni ọmọ Mojí bá jẹ́ lórí bí abiyamọ yóò ṣe tètè ti abúlé Ìkọ̀lé dé Ìdó lóru ni, ì bá ti gba ẹ̀mí ẹnì kan là.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì tíì tán, torí àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́ ní 2011 ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ tíátà. Àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀ tí ẹ̀bùn wọn tó ti Mojí. Ẹ̀yin òbí, ẹ ti sanwó ilé ìwé wọn. Ṣé bí ayé ó ṣe máa fọ́ inú ilé wọn wò lọ́la nìyí, ẹ ó sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ ìwé ìròyìn, mo mọ̀ pé àkọlé tó ní ìgbéyàwó ti tú ń tà ju àkọlé tó ní fíìmù tuntun ti jáde. Oògùn olóró náà ń tà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó ń tà ló yẹ ní títà. Ẹ̀yin òǹwòran, ọwọ́ yín ni ọjà wà. Bí ẹ kò bá rà á, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ràn Mojí Ọláìyá lóòótọ́, ẹ wá eré rẹ̀ kan, kí ẹ sanwó rẹ̀, kí ẹ jókòó wò ó dópin. Bí kò bá dùn, ẹ bú u! Ẹ̀tọ́ yín nìyẹn. Èyí tó kù, ti òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni.