Omi tí a máa mu

Bí iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ kan ń wá bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tàbí tí àfẹ́sọ́nà já ẹnì kan jù sílẹ̀, àgbàlagbà tó wà nítòsí kì í pẹ́ sọ ọ́: omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Ohun tí Elédùmarè bá kọ mọ́ ọ, á dé ọwọ́ rẹ. N kò bá àwọn àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n òwe náà ní ẹ̀yìn tí a kì í sábà yí wò. Kò sọ pé omi tó mọ́ ni kò ní ṣàn kọjá wa. Ó ní omi tí a máa mu. Bó mọ́ o, bó dọ̀tí o, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀.

Ìlú kan ń gbé ẹ̀yìn òwe yìí lójoojúmọ́ láìgbọ́ ọ rí. Windhoek ni, olú-ìlú Nàmíbíà, orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ jù ní gúúsù Sàhárà. Àwọn odò tó ń ṣàn yípo ọdún níbẹ̀, ẹnubodè ni wọ́n wà: Kunene àti Okavango lápá àríwá, Orange ní gúúsù. Àárín gbùngbùn ni Windhoek jókòó sí, ó jìnnà sí gbogbo wọn. Ní 1968, nígbà tí South Africa ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ náà, ìlú yìí bẹ̀rẹ̀ ohun tí ìlú kankan kò tíì ṣe rí: wọ́n gba omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ, wọ́n sọ ọ́ di omi mímu, wọ́n sì dá a padà sínú páìpù. Ní 2002 wọ́n ṣí iléeṣẹ́ tuntun sí Goreangab, tó lè pèsè nǹkan bíi mílíọ̀nù 21 lítà lóòjọ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi ìlú náà ló ń ti ibẹ̀ wá. Bí ọ̀dá bá mú, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń tutọ́. Kó rọra. Ibi kan tó ń jẹ́ Gammams ni omi ìdọ̀tí náà kọ́kọ́ ń dé. Wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ kí àwọn kòkòrò àìfojúrí lè rí èémí mí, kí wọ́n sì jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Tó bá dé Goreangab, wọ́n á da èròjà tó ń mú kí ìdọ̀tí dì sí i, bí ìyá àgbà ṣe máa ń ju álọ́ọ̀mù sínú àmù kí omi lè tòrò. Àmọ́ wọn kì í dúró kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń gbé e léfòó, tí wọ́n á fi há a kúrò lójú omi. Yanrìn á sẹ́ ẹ. Gáàsì kan tó ń jẹ́ ósóònù á pa kòkòrò, á sì fọ́ àjẹkù kẹ́míkà sí wẹ́wẹ́, èédú tí wọ́n dìídì ṣe á fa ìyókù mọ́ra. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré ju ohun tí bakitéríà lè gbà kọjá ló kàn, klorín ló gbẹ̀yìn, nítorí ọ̀nà páìpù jìn, ó sì yẹ kí ẹ̀ṣọ́ sin omi délé.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ wọn ló wú mi lórí jù, ìṣọ́ra wọn ni. Wọ́n ya omi ìdọ̀tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá sọ́tọ̀, kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ èyí tó ń ti ilé wá, torí kòkòrò lè jẹ ìgbẹ́, kò lè jẹ òjé. Bí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé omi kò dé ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀, iléeṣẹ́ náà kì í fi ránṣẹ́ sílùú. Láti 1968, kò sí àjàkálẹ̀ àrùn kan tí wọ́n tọpa rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá ní òun kò lè mu irú omi bẹ́ẹ̀ láé, níbo ni tirẹ̀ ti ń wá? Ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń mu omi odò Thames, odò tí omi ìdọ̀tí Oxford àti Reading ń wọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ́jú rẹ̀ tán. Ní Èkó, láti odò Ògùn ni wọ́n ti ń fa omi lọ sí iléeṣẹ́ omi Ìjú àti ti Àdìyàn. Ògùn yìí ti la Abẹ́òkúta kọjá kó tó dé Akute níbi tí wọ́n ti ń fà á. Ohun tó bá ti odò ẹran àti ìdí aró wọ inú rẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun tiẹ̀ tún burú jù, nítorí àwọn tó ń wa góòlù ti sọ omi rẹ̀ di pípọ́n bí ẹrẹ̀. Ọ̀ṣun kan náà ló ń lọ sí ìsédò Aṣéjirẹ́, tí wọ́n ti ń fa omi fún Ìbàdàn. Klorín lè pa kòkòrò kọ́lẹ́rà. Kò lè pa òjé.

Ká fi odò sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ rí omi ìjọba mu. Kànga àti bóòhóòlù la gbójú lé, sọkawé sì wà lẹ́yìnkùlé. Mítà 30 ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń dá lábàá pé kó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká wọn ilẹ̀ náà wò. Púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò ju nǹkan bíi mítà 18 sí 37 lọ. Ẹni tó ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì tí gígùn àti ìbú rẹ̀ dọ́gba, kódà bó gbẹ́ kànga sí igun kan tó sì gbẹ́ sọkawé sí igun kejì ní ìdábùú, kò lè pé 30. Bí onípúlọ́ọ̀tì kan bá sì rí i ṣe, sọkawé tó gbé jìnnà sí kànga tirẹ̀ ti lè fara ti kànga aládùúgbò.

Ẹgbẹ́ onílé tó ń dáwó ẹ̀ṣọ́ òru àti owó tiransífọ́mà lè dáwó bóòhóòlù kan tó jìn dáadáa, kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí òkè àdúgbò, kí gbogbo sọkawé wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré ju kí oníkálukú máa gbẹ́ tirẹ̀. Ìjà ẹni tó máa yọ̀ǹda ilẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ jà, ó sì lè gba ìpàdé bíi mélòó kan. Kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, nígbà tí omi ilẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀.