Rédíétọ̀ Bàbà ni ó Yẹ Ọkọ̀ Akẹ́rù Àtijọ́

Àríyànjiyàn pọ̀ láàárín àwọn onímọ́tò lórí irú rédíétọ̀ tí ó yẹ kí a fi pààrọ̀ èyí tí ó bàjẹ́ lára ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí ń lo dísù, bí irú Mercedes-Benz 911. Ní tèmi o, oníbàbà ni kí á rà.

Òótọ́ ni pé alumíníọ̀mù fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ike ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe táǹkì omi rẹ̀. Bí gbágungbàgun ojú ọ̀nà bá ti mú kí ike náà sán, ó di kí á ra òmíràn. Táǹkì oníbàbà, idẹ ni. Bí ó bá ń jò, ẹni tí ń tún rédíétọ̀ ṣe yóò fi òjé dí i.

Àwọn kan ní kékeré tó, bí ó bá ṣáà ti wọ àyè rẹ̀. N kò gbà. Ẹ́ńjìnnì 911 ní sílíńdà 6. Bí rédíétọ̀ bá kéré, omi yóò hó nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, gáskẹ́ẹ̀tì yóò jó, ẹrù tòmátì yóò sì rà sójú ọ̀nà.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nítorí náà, kí onímọ́tò ka ìlà ọ̀pá omi inú rédíétọ̀ kí ó tó sanwó.