Àṣírí Ló Wọ́n: Ọ̀rọ̀ Ìsọdọmọ ní Agbègbè Lálúpọn

Nínú gbogbo ohun tí tọkọtaya tó ń wojú Olúwa fún ọmọ ní agbègbè Lálúpọn lè náwó lé, láti orí àgbo àti ilé àdúrà títí dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ran oyún lọ́wọ́, ìsọdọmọ tó bá òfin mu wà lára èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, síbẹ̀ òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó wà fún olówó nìkan. Ìsọdọmọ ni ọ̀nà tí ilé-ẹjọ́ fi ń gba ẹ̀tọ́ àti ojúṣe òbí lórí ọmọ kan kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bí i, tí ó sì ń gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ títí láé, débi pé lójú òfin, ọmọ náà kò yàtọ̀ sí èyí tí olùgbà rẹ̀ fi inú ara rẹ̀ bí. Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn tó ń ṣírò owó wádìí ni ibi tí owó ńlá tí gbogbo ayé ń pariwo yẹn ti ń wọlé.

Òfin ìsọdọmọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni èyí tí ìjọba Ẹkùn Ìlà-Oòrùn ṣe ní 1965. Èkó tẹ̀lé e ní 1968, àwọn mìíràn sì ń ṣe tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìjọba àpapọ̀ fi gbé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ jáde ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì sọ ọ́ di tirẹ̀ ní 2006. Gẹ́gẹ́ bí òfin 2003 ti là á kalẹ̀, tọkọtaya tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti pé ọmọ ọdún 25 lè jọ gba ọmọ. Ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya náà lè gbà á bí ó bá ti pé ọdún 35, bí ọmọ náà bá ṣáà ti jẹ́ ọkùnrin fún ọkùnrin tàbí obìnrin fún obìnrin. Ẹni tó ń béèrè sì gbọ́dọ̀ fi ọdún 21, ó kéré tán, ju ọmọ náà lọ. Òfin kò ní kí ènìyàn kọ́lé tàbí kí ó ra mọ́tò kí ó tó gba ọmọ. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìgbáyé-gbádùn ará ìlú, wádìí ìwà, ìlera àti ilé olùbéèrè, kí ó sì jẹ́rìí pé ó tó ọmọ í tọ́.

Ìwé tí wọn yóò kó jọ kò pọ̀: ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, tàbí ìwé ìbúra kóòtù fún àwọn tó fẹ́ ara wọn nílé, ìwé ọjọ́ ìbí tàbí ìbúra ọjọ́ orí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, àti ìwé ẹ̀rí ìlera láti ilé ìwòsàn ìjọba. Owó ìbúra, owó fọ́tò, owó àyẹ̀wò, owó tí kóòtù ń gbà lórí ìwé ẹ̀bẹ̀, àti owó iṣẹ́ agbẹjọ́rò fún ẹni tó bá gba agbẹjọ́rò, ni ó yẹ kó jáde lápò, agbẹjọ́rò náà ló sì máa ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí owó ọmọ níbẹ̀ rárá, nítorí pé ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni òfin kan náà là sílẹ̀ fún ẹni tó bá ra ọmọ tàbí tó tà á.

Ohun tó wọ́n ní ojú ọ̀nà òfin ni àkókò. Olùbéèrè gbọ́dọ̀ ti fi èrò rẹ̀ tó wẹ́lífíà létí fún oṣù 12 kí àṣẹ ilé-ẹjọ́ tó jáde, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ ti gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko ṣáájú ọjọ́ náà. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbowó oṣù, lílọ sí ọ́fíìsì wẹ́lífíà láàárín àkókò yìí kò ju kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń yan gàárì ní Lálúpọn, bí ó bá fẹ́ rí òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin ní Sẹkitéríàtì Agodi ní Ìbàdàn, yóò wọ mọ́tò gba Ìyànà Ọ̀fà àti Mọ́nátán dé Ìwó Róòdù, yóò tún wọ òmíràn níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ tó ti rin sínú àpò kò sì ní dúró dè é: kíkan ni yóò máa kan sí i. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ọ̀gá kò sí nílé, pé kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, owó mọ́tò ti lọ, owó iṣẹ́ òòjọ́ náà sì ti bá a lọ. Inú àárẹ̀ yìí ni àwọn alágbàtà tó ń ta ọmọ ní ìkọ̀kọ̀ ti ń rí oníbàárà.

Iye tí ọjà àwọn alágbàtà ń lọ kò fara sin. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, àwọn ọlọ́pàá Èkó kó obìnrin 19, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn lóyún, jáde kúrò ní àwọn ilé tí wọ́n ti ń bímọ tà, wọ́n sì ṣàlàyé pé ₦500,000 ni wọ́n ń ta ọmọkùnrin, ₦300,000 sì ni ọmọbìnrin. Ọdún yẹn gan-an ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦30,000. Nítorí náà, iye tí òṣìṣẹ́ kékeré fi oṣù mẹ́wàá gbà ni wọ́n ń ta ọmọbìnrin kan, ti ọmọkùnrin sì lé ní oṣù 16. Kí wá ni ẹni tó san irú owó bẹ́ẹ̀ rà, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ tí òbí wọn gbé jù sílẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ìjọba, tí kò sì sí ẹni tó dá iye lé wọn lórí? Àìdúró díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àṣírí ni èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ra ìtàn oyún. Obìnrin yóò máa di aṣọ mọ́ ikùn, yóò kó lọ sí ìlú òkèèrè fún oṣù mélòó kan, yóò gba ilé níbẹ̀, yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, yóò sì padà wálé pẹ̀lú ìkókó ní àsìkò tí ìkómọ yóò fi lè bá ìṣirò àwọn ará ilé ọkọ mu. Bí ènìyàn bá ro owó ilé àti ọjà tí kò tà mọ́ iye tí alágbàtà gbà, yóò rí i pé ọmọ náà kọ́ ló gbówó lọ.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kóòtù ń fúnni ní púpọ̀ nínú àṣírí yìí. Òfin ní kí wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n sọ dọmọ, àkọsílẹ̀ tó so orúkọ ọmọ níbẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ìbí rẹ̀ àtijọ́ kò sì sí fún gbogbo ènìyàn láti wò. Ẹnu aládùúgbò nìkan ni kóòtù kò lè dí (ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ọjọ́ tí ìyàwó délé ọkọ kò nílò ìwé ìjọba láti ṣírò oṣù), alágbàtà pàápàá kò sì lè dí i.

Ìgbà tí bàbá bá kú ni gbèsè àṣírí máa ń yọjú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdí igi, ìyẹn pípín ogún ní iye ìyá tó bímọ fún olóògbé, ni ọ̀nà tí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole fi múlẹ̀, ẹjọ́ Èkó tó parí ní Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, nígbà tí ẹjọ́ Nàìjíríà ṣì ń dé ibẹ̀. Ìyá tó ra ọmọ kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn orogún bá mọ ìdí ọ̀rọ̀, tí ó sì sọ ọ́ síta níwájú ẹbí, oko kòkó tàbí ilẹ̀ tó yẹ kó kan ìdí igi tirẹ̀ di ohun àríyànjiyàn, ọmọ yóò sì gbọ́ ìtàn ara rẹ̀ lójú agbo. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti fún ní àṣẹ ń mú ìwé jáde ni, nítorí pé òfin ka ọmọ bẹ́ẹ̀ sí èyí tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń pín ogún ẹni tó kú láìṣe ìwé ìhágún.

Àwọn mìíràn yóò ní kí ló dé tí ènìyàn kò fi gba ọmọ àbúrò rẹ̀ tọ́, bí àwọn baba ńlá ti ń ṣe, láìná kọ́bọ̀. Àgbàtọ́ kò burú, òun ló sì tọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbègbè yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ni ó sábà máa ń san owó rẹ̀: òun ni yóò kọ́kọ́ jí pọn omi, òun ni yóò gbé igbá ọjà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, bí ó bá sì dàgbà, ilé bàbá rẹ̀ ni wọn yóò ní kí ó padà sí lọ jogún. Fún àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Lálúpọn, ọ̀rọ̀ tún ní ojú mìíràn, nítorí Kùránì, nínú Súrà 33, ní kí wọ́n máa fi orúkọ bàbá tó bí ọmọ pè é, kò sì fi ọmọ àgbàtọ́ sínú àwọn ajogún. Ọ̀nà tí wọ́n là dípò rẹ̀ ni kàfálà, ìtọ́jú ọmọ ní kíkún láìpa orúkọ bàbá rẹ̀ rẹ́, àti wàsíyà, ìwé tí olùtọ́jú lè fi yọ ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ náà kí ó tó kú. Àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ díẹ̀, tó sì pe lèmọ́mù àti ẹlẹ́rìí méjì jókòó nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ olówó kò rántí ṣe.

Ọjà ìkọ̀kọ̀ yìí ti ba ọ̀nà jẹ́ fún àwọn tó wà lókè òkun pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta 2021, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá gbígba ọmọ láti Nàìjíríà dúró, òwò ọmọ àti ìwà jẹgúdújẹrá sì wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí; Yorùbá tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì fẹ́ sọ ọmọ aláìlóbìí láti Ìbàdàn di tirẹ̀ náà fara gbá a.

Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú, tí Lálúpọn wà lábẹ́ rẹ̀, ní ọ́fíìsì ní Ìyànà Ọ̀fà, ibi tí mọ́tò Lálúpọn ń gbà kọjá lọ sí Ìwó Róòdù. Bí òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà bá ń jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́ kan lóṣù, tí ó ń gba ìwé, tí ó ń kọ ọjọ́ tí olùbéèrè kọ́kọ́ fi èrò rẹ̀ hàn sílẹ̀, oṣù 12 yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ náà, obìnrin tó ń yan gàárì yóò sì ti padà sí ìdí agbada rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.