Géèmù Tó Ń Kólòlò: Màámi, Ẹ Má Tíì Rá Káàdì Tuntun!

Kí èèyàn fi owó gidi ra géèmù, kó wá máa kólòlò mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń dunni ju kí ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀ lọ. Èyí tó kọ̀, ẹ ti mọ̀ pé ó kọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń sáré dáadáa, tó dúró gbagidi bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun, tó tún sáré, tó tún dúró, ìyẹn ló ń sọ ọmọ jẹ́jẹ́ di aláriwo nínú ilé. Bí ìyá bá béèrè pé, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń ṣe ẹ́ tó o ń lu tábìlì?" ọmọ á ní, "Màámi, káàdì gíráfíìkì ló ti kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá owó òmíràn." Owó káàdì yẹn kì í sì í ṣe owó àkàrà o!

Ẹ fi owó yín sápò ná.

Àwọn tó ń lo Linux ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá jù. Linux, tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991, ọ̀fẹ́ ni. Microsoft tó ni Windows sì ti fòpin sí ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ni kò lè gba Windows 11. Ta ni kò ní sá lọ síbi ọ̀fẹ́? Àmọ́ èdè Windows ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn géèmù, Linux kò sì gbọ́ èdè náà. Ó di dandan kí ògbufọ̀ wà láàárín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ògbufọ̀ kan tó ń jẹ́ Wine lọ́dún 1993. Lóṣù kẹjọ ọdún 2018, Valve, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni Steam tí wọ́n ti ń ta géèmù, gbé Proton jáde, orí Wine ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. DXVK wà nínú Proton, iṣẹ́ ọwọ́ Philip Rebohle, òun ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwòrán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá nájà rí, ẹ mọ bí ògbufọ̀ ṣe ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tó bá ti gbọ́ rí, wéré ló máa dá a padà. Bí oníbàárà bá sọ èyí tí kò gbọ́ rí, á dúró, á wo òkè, á họrí, ọjà á dúró pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní dúró mọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú géèmù nìyẹn gẹ́lẹ́. Shader ni wọ́n ń pe àwọn ìlànà kéékèèké tó ń sọ fún káàdì bí omi ṣe máa dán, bí iná ṣe máa jó, bí òjìji ṣe máa tẹ̀ lé èèyàn. Káàdì kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ se tirẹ̀ kó tó lè jẹ ẹ́. Géèmù tó ń lọ geere ń ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá wá fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá se shader kan tí ọ̀tá ti yọ idà síni, àwòrán 30 ti lọ nìyẹn. Kí ojú tó là, ẹni tó ń ta géèmù ti kú!

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ dé ibì kan ló ń kólòlò, tó sì ń lọ geere nígbà tó padà síbẹ̀, shader ni, kò sóhun tó ṣe káàdì. Steam máa ń fẹ́ se shader sílẹ̀ kí géèmù tó ṣí, ó sì máa ń fi hàn lójú ẹ̀rọ pé òun ń ṣe é. Àwọn ọmọ ayé òde òní kò ní sùúrù, wọn á tẹ bọ́tìnì pé kó fò ó. Ẹni tó sọ pé kí wọ́n bu ìrẹsì fóun kó tó jinná, kí ló ń bínú sí? DXVK 2.0, tó jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2022, tún ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí géèmù bá ń kó ẹrù rẹ̀ wọlé. Àmọ́ ó fẹ́ kí dráífà káàdì jẹ́ tuntun. Ọ̀fẹ́ ni dráífà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ kó lọ wá a.

Ṣé gbogbo kólòlò ni ti shader? Rárá o. Ẹ gbọ́ ti Elden Ring. Iléeṣẹ́ FromSoftware ní Japan ló ṣe é, ó jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2022, ó kù díẹ̀ kó pé dọ́là 60 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ rárá tí ariwo fi ta. Lórí Windows, nílé bàbá rẹ̀ gan-an, ló ti ń kólòlò! Àwọn tó ní káàdì olówó gọbọi pàápàá ń pariwo. Ọ̀pọ̀ ló ní shader ni.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Steam Deck jáde, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tí Valve ṣe, Linux ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn Valve tú géèmù yìí wò. Pierre-Loup Griffais tó wà lára wọn ṣàlàyé pé shader kọ́ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìdúró ńlá ńlá náà. Bí géèmù bá dé àwọn ibì kan ni yóò ṣàdédé béèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀rọ̀ pípín mẹ́mọ̀rì á wá dojú rú. Bí ìgbà tí olóúnjẹ ò fọ abọ́ kankan sílẹ̀, tí ọkọ̀ èrò kún já síwájú búkà rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Valve wá jẹ́ kí Proton máa tọ́jú àwọn abọ́ tó ti fọ̀, kó máa tún wọn lò. Ni ògbufọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ geere ju onílé lọ! Kò sẹ́ni tó ra káàdì kan kíyẹn tó ṣeé ṣe.

Àwọn àrùn yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ń kólòlò níbì kan náà ní gbogbo ìgbà, tí kò sinmi bí ọmọ tilẹ̀ padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí mẹ́mọ̀rì káàdì ti kún. Kó dín texture kù nínú ètò géèmù. Bó bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó wá ń burú sí i bí wákàtí ṣe ń lọ, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà: ooru ni, eruku ti dí fáànù. Láptọ́ọ̀pù tí wọn ò ki bọ iná náà máa ń dín agbára rẹ̀ kù kí bátìrì má baà tètè tán. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n fi géèmù sílẹ̀ sínú ìpín dísíìkì tí Windows ti ń lò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní NTFS. Kí wọ́n kó o lọ sínú ìpín ti Linux fúnra rẹ̀.

Èyí tó yẹ kí ẹ ní kí ọmọ fi hàn yín kó tó dárúkọ owó ni MangoHud. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Ó ń fa ìlà kan sí igun ojú ẹ̀rọ bí géèmù ṣe ń lọ. Bí ìlà náà bá tẹ́ gbọọrọ tó wá ń ta sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí epo gbígbóná, kólòlò nìyẹn, ẹ jẹ́ kó lọ wá oògùn rẹ̀ nínú èyí tí ẹ ti kà yìí. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà àwòrán bá kéré láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí iṣẹ́ káàdì wà ní 99 nínú 100 ní gbogbo ìgbà, kó dín bí àwòrán ṣe fẹ̀ tó kù, kó tún wò ó. Bó bá yá lẹ́sẹ̀ lójú ẹsẹ̀, káàdì náà ni kò gbé ẹrù ọ̀hún. Ìgbà yẹn ni kí ìyá àti ọmọ tó jókòó sọ̀rọ̀ owó.